Ẹ JẸ́ KÍ A FI ÀKÍSÀ ÀGBÀ ṢE ÌWÉ

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Tunga, Minna)

 

Àwọn tí ó ṣètò ọjọ́ òní ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ àwa obìnrin, wọ́n sì ní kí n má pẹ́. Èkejì yìí ni ó ṣòro fún aránṣọ, nítorí pé ẹnu wa àti ẹsẹ̀ wa lórí maṣíìnì jọ ń lọ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún, n ó sì sọ ọ́ ní gbangba kí ẹ lè mọ ibi tí mo ń lọ. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí ṣe ìwé kan. Kì í ṣe ìwé bébà, ìwé aṣọ ni. Kí agbolé kọ̀ọ̀kan mú ègé aṣọ kan wá nínú aṣọ àwọn àgbà rẹ̀, kí ọwọ́ púpọ̀ rán an mọ́ ojú ìwé tí a fi aṣọ ṣe, kí a fi léèsì àti òwú ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ọjọ́ tí ó wọ̀ ọ́ sí i lára.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Gbogbo wa ni a ń pa òwe yìí láti fi bu ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ti pẹ́ láyé. Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín léèrè: níbo ni àkísà àgbà náà wà? Ilé wo ni mo lè yà sí ní Tunga lónìí, tí ẹnì kan yóò na ọwọ́ sí aṣọ kan fún mi pé, èyí ni ìyá wa ró ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú reluwé?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan papò dà ní àdúgbò wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọmọ dáadáa ni àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì sin ín bí ó ti yẹ. Ìyá yìí ti lo ohun tí ó lé ní ogójì ọdún ní Minna. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n ṣí àpótí rẹ̀. Ibí ni a ti bí àwọn ọmọ náà, Haúsá dùn lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ, wọn kò sì mọ sányán yàtọ̀ sí àlàárì. Wọ́n pín àwọn léèsì tí ó ṣì ń dán láàrin ara wọn, wọ́n di èyí tí ó ti ṣá sínú àpò, wọ́n sì gbé e fún àwọn tí ń ra àlòkù. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ọjọ́ ogójì, mo rí ẹtù lẹ́yìn ilé, tí wọ́n fi bo jẹnẹrétọ̀ kí òjò má baà pa á. Ẹtù, ẹ̀yin ènìyàn mi! Aṣọ tí a ń rẹ òwú rẹ̀ sínú aró léraléra títí yóò fi dúdú, tí a wá fi ìlà funfun tín-ín-tín-ín là á láàrin, tí a fi orúkọ ẹyẹ ẹtù pè é nítorí pé ó jọ ìyẹ́ rẹ̀. N kò bá wọn wí. Ta ni ó sọ fún wọn? Ìyá wọn rò pé wọ́n mọ̀, àwọn náà rò pé aṣọ dúdú lásán ni.

Ẹni tí ó wà ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí aṣọ bá sọnù, ilé baba rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, oríkì sì wà lẹ́nu àwọn aya ilé. Àwa tí a wà nílé ayé ẹlòmíràn ni a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan ìrántí. Láti nǹkan bí ọdún 1912, tí ojú irin láti Èkó ti pàdé èyí tí ó ti Bárò lọ sí Kánò ní Minna níbí, ni àwọn ènìyàn wa ti ń dé: òṣìṣẹ́ ojú irin, oníṣòwò láti Ọ̀ffà àti Ògbómọ̀ṣọ́, télọ̀, alákàrà. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1976, tí Minna di olú ìlú rẹ̀, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tún dara pọ̀. Mélòó nínú wọn ni ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀? Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn fi sílẹ̀ fún wa ni àpótí aṣọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àṣà òyìnbó ni mo gbé dé. Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aṣọ funfun méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí yáàdì méjì ààbọ̀, ni a ń rán pọ̀ di ìró. Obìnrin tí ó bá fẹ́ ya á yóò pín in sí ojú igun mẹ́rin mẹ́rin, yóò ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ láfún, yóò sì ya ohun kan sí ojú kọ̀ọ̀kan, ẹyẹ níhìn-ín, ewé lọ́hùn-ún. Bí aṣọ náà bá wọ inú aró èlú, ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní mu aró, àwòrán yóò sì jáde. Nínú èyí tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 wà níbẹ̀ tí wọ́n dúró gbọnin. Ní ọdún 1935, nígbà tí George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé ọdún 25 lórí oyè, àwọn aládìrẹ wa ya òun àti ayaba rẹ̀ sí aṣọ, aṣọ náà sì di Olọ́ba. Kí ni a ń pe irú nǹkan báyìí bí kì í bá ṣe ìwé? Ojú kan, ìròyìn kan. Àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé kà ni wọ́n ń kọ ọ́, tí wọ́n sì ń ró o lọ sí ọjà.

Ẹ̀rí kan tún wà tí n ó dárúkọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù díẹ̀, nítorí pé mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ni ó pọ̀ jù láàrin wa. Aṣọ eégún ni. Ẹ fi ti ẹ̀sìn sílẹ̀ ná, kí ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ agbolé, bí ọdún ti ń yí lu ọdún, àwọn ọmọ ilé ń fi aṣọ tuntun lé ti àtijọ́: aṣọ òkè nísàlẹ̀, àrán lórí rẹ̀, dàmáàsìkì, àǹkárá, léèsì. Bí ẹ bá ń ṣí i ní ìpele ìpele bí ẹni ń ṣí ìwé, ẹ ó kan aṣọ tí ó wà ní ìta nígbà tí baba ńlá wọn wà láyé. Kò sí ẹnì kan tí ó lè sọ pé òun nìkan ni òun ṣe é. Ọgbọ́n yẹn nìkan ni mo fẹ́ kí a yá lò. Kò sí eégún nínú ìwé tèmi, kí ọkàn àwọn àlùfáà wa balẹ̀.

Mo wá dé orí léèsì, mo sì rí i pé àwọn ìyá kan ti jókòó dáadáa. Láti àwọn ọdún 1960 ni léèsì tí a mọ̀ yìí ti gba ojúde wa. Kì í ṣe èyí tí àwọn arúgbó òyìnbó ń fi ọwọ́ hun nídìí fèrèsé. Ẹ̀rọ tí ó ní abẹ́rẹ́ púpọ̀ ni ó ń ṣe ọnà sí i. Ti kọ́ọ̀dù ni ó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: wọn yóò fi òwú ṣe ọnà kún orí aṣọ kan, lẹ́yìn náà wọn yóò fi oògùn yọ́ aṣọ ìsàlẹ̀ náà dànù, òwú nìkan ni yóò kù. Púpọ̀ nínú léèsì wa ni ó wá láti Lustenau, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Austria lẹ́bàá ààlà Switzerland. Àwọn oníṣòwò wa ń bá àwọn ará ibẹ̀ sọ àwọ̀ tí a fẹ́ àti ọnà tí a fẹ́, àwọn náà sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọgbọ́n wa wà nínú aṣọ náà. Nígbà tí ìjọba ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní ìparí àwọn ọdún 1970, ọ̀nà Kútọnu ni ó ń gbà wọlé, ẹ má sì jẹ́ kí n wo ojú ẹni tí ó fi irú rẹ̀ gbé ìyàwó.

Ní ọdún 2010, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna àti àjọ tí ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa ní Nàìjíríà ṣe ìpàtẹ ńlá lórí léèsì yìí. Ní ọdún 2011 wọ́n gbé e wá sí Èkó. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ó mú mi ronú. Àwọn tí ń ṣe léèsì lọ́hùn-ún máa ń tọ́jú ìwé àpẹẹrẹ, ègé kan nínú ọnà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó tà á fún ìyá wa ní in nílé títí di òní. Àwa tí ìyá wa wọ̀ ọ́, a kò ní in. Síbẹ̀, ohun kan wà tí ìwé tiwọn kò mọ̀. Kò mọ̀ pé aṣọ yìí ni ìyá kan ní Tunga wọ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ jáde ní yunifásítì, pé ó san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, pé kò tún wọ̀ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu wa nìkan ni a ti lè gbọ́ ọ.

Ìwé aṣọ kan wà tí ó mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1739, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas Coram gba àṣẹ láti dá ilé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìyá wọn kò ní agbára láti tọ́. Ní ọdún 1741 ni wọ́n gba àwọn ọmọ àkọ́kọ́. Bí ìyá bá gbé ọmọ dé, akọ̀wé yóò kọ ọjọ́ àti ohun tí ọmọ wọ̀ sílẹ̀, wọn yóò gé díẹ̀ nínú aṣọ rẹ̀, tàbí kí ìyá fúnra rẹ̀ mú ègé kan wá, wọn yóò fi píìnì kàn án mọ́ bébà náà. Aṣọ yẹn ni ẹ̀rí bí ìyá bá padà wá bèèrè ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nǹkan bí 5,000 ègé aṣọ ni ó wà nínú àwọn ìwé ńlá wọ̀nyẹn láàrin ọdún 1741 sí 1760, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 1767, ìyá kan rán ègé aṣọ oríṣiríṣi pọ̀, ó fi òwú pupa ya àwòrán ọkàn sí i, ó sì gé e sí méjì. Ìlàjì bá ọmọ lọ, ìlàjì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1775, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ìyá náà padà dé pẹ̀lú ìlàjì tirẹ̀, wọ́n sì fi ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Àwọn ìyá tí ó rí ọmọ wọn gbà padà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni ó jẹ́rìí fún un, nítorí pé ẹnì kan fi ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó yá, báwo ni a ó ti ṣe tiwa? A ó ra aṣọ funfun olówùú tí ó nípọn díẹ̀, tí kì í dán. A ó gé e ní ínṣì 24 sí ínṣì 12. Bí a bá ṣẹ́ ẹ po, ojú ìwé kan yóò jẹ́ ínṣì 12 ní òró àti ní ìbú. Ègé mẹ́wàá irú rẹ̀ yóò fún wa ní ojú ìwé 40, ìyẹn ni pé agbolé 40 ni yóò wà nínú ìwé àkọ́kọ́. A kò ní tètè dì í pọ̀. Ègé kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ́kọ́ yí láti ilé dé ilé títí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ yóò fi kún. Èyí ni ó fi dára ju kí gbogbo wa jókòó ti ìwé kan ṣoṣo, kí ẹni tí ó ní ìkànjú máa wo ojú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń falẹ̀.

Wàhálà ìwé aṣọ wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Léèsì àti aṣọ òkè nípọn. Bí a bá rán ẹ̀yìn rẹ̀ bí a ti ń rán ìwé bébà, ẹnu rẹ̀ yóò yà sílẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì, kò sì ní pa dé mọ́. Nítorí náà, láàrin ègé kan sí èkejì, a ó máa fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ṣẹ́ po ní ìlọ́po mẹ́ta sí ẹ̀bá ibi tí a ó ti rán an, kí ẹ̀yìn ìwé lè ga tó iwájú. Ihò márùn-ún ni a ó lu, òwú tí àwọn aránbàtà ń lò ni a ó sì fi rán an. Ní ti èèpo ìwé, bébà líle ni yóò wà nínú, aṣọ òkè ni yóò bò ó. Ẹ mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ òkè ń ti orí òfì wá, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì mẹ́rin. Bí a bá rán mẹ́rin pọ̀, yóò bo ínṣì 12 wa, yóò sì ku èyí tí a ó ṣẹ́ sínú. Èmi ì bá fẹ́ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, kí Ìṣẹ́yìn wà níbẹ̀, kí àwọn yòókù bá ara wọn jà fún àyè mẹ́ta tí ó kù.

Lórí ojú ìwé, kí aṣọ àgbà wà ní àárín. Léèsì ni yóò yí i ká, nítorí pé léèsì ni ó mọ etí bò jù. Bí ẹ bá ń gé kọ́ọ̀dù, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ òwú ọnà náà, kò ní tú. Èyí tí ó bá jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ rán etí rẹ̀ yí ká kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ kan aṣọ àgbà, yóò sọ ọ́ di àwọ̀ ìpẹtà. Bọ́tìnnì agbádá baba, ìlẹ̀kẹ̀ kan láti ọrùn ìyá, àpò kékeré tí a lè fi lẹ́tà sí, gbogbo rẹ̀ ni ó lè wà níbẹ̀. Kí orúkọ wà lórí aṣọ funfun kékeré kan nísàlẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ ná, kí ẹ tó fi òwú tẹ̀ lé e. Bírò máa ń ṣàn bí omi bá kàn án, pẹ́ńsù kì í ṣàn. Orúkọ aṣọ ni kí ẹ kọ, orúkọ ẹni tí ó ni ín, ìlú rẹ̀, ọdún tí ó dé Minna bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àti ọjọ́ kan pàtó tí ó wọ aṣọ náà. “Ìyá wa fẹ́ràn rẹ̀” kò tó. Gbogbo ìyá ni ó fẹ́ràn aṣọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni ti gígé. Mo mọ àwọn tí yóò sọ pé àwọn kò lè ti sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ ìyá àwọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ fetí sí aránṣọ: ó ṣọ̀wọ́n kí a tó ní láti ba aṣọ jẹ́. Aṣọ òkè kò nílò gígé rárá. Ẹ tú òwú tí ó so èyí tí ó wà ní etí mọ́ ìkejì rẹ̀, ẹ mú ínṣì mẹ́rin náà, ìró yòókù wà ní odidi. Ní ti bùbá, ẹ wo ìṣẹ́tí àti ibi tí télọ̀ ṣẹ́ sínú lábẹ́ apá; télọ̀ àtijọ́ kì í fi aṣọ ṣahun níbẹ̀. Ti àdìrẹ nìkan ni n kò rí ọgbọ́n dá sí, nítorí pé etí rẹ̀ kò ní àwòrán. Ẹni tí ó bá ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ó ṣì pé, kí ó tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó mú èyí tí ó ti ya wá.

Nísinsìnyí mo fẹ́ kí á fi òfin méjì sí i, n kò sì ní gbà kí wọ́n yí èyíkéyìí nínú méjèèjì padà. Àkọ́kọ́ ni pé kò sí ojú ìwé kan tí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo yóò ṣe. Ẹni tí ó ni aṣọ ni yóò fi í lé àárín. Ẹlòmíràn, tí kì í ṣe ará ìlú rẹ̀, ni yóò rán léèsì yí i ká. Ẹni kẹta ni yóò fi òwú kọ orúkọ. Bí obìnrin Ìjẹ̀bú bá ń fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ ìyá ará Yàgbà, dandan ni kí ó bèèrè bí wọ́n ti ń pè é, àti irú ènìyàn tí ó jẹ́. Bí obìnrin bá jọ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ fi ń wà títí. Ẹ wo Ìyá Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní Ìpínlẹ̀ Kogi, tí a bí ní ọdún 1951; iṣẹ́ aró àti òwú tí ó bá nínú ẹbí rẹ̀ ni ó wá ṣí ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ní Òṣogbo ní ọdún 1983, tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ fi kọ́ ọ.

Òfin kejì, kí àwọn ìgbìmọ̀ má bínú sí mi. Nínú ìwé ìrántí tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, odidi ojú ìwé ní iye tirẹ̀, ìlàjì ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ni ó wọ́n jù. N kò bá ìyẹn jà, owó ni a fi ń kọ́ gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé aṣọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi owó ra ojú ìwé. A kò gbọdọ̀ ta ojú kìn-ín-ní fún olówó kankan. Bí a bá ń fi owó pín in, ìyá tí ó fi àkàrà tọ́ ọmọ mẹ́fà ní Tunga kò ní ní àyè kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbò ni kí a fi mọ ẹni tí yóò ṣáájú. Kí ègé àǹkárá tí ó ti ṣá wà ní ẹ̀gbẹ́ léèsì olówó iyebíye, kí wọ́n jọ ní ínṣì 12 kan náà.

Ẹnì kan ti bi mí pé ṣé fífi aṣọ òkú pa mọ́ kò ní ìbọ̀ nínú. Mo dá a lóhùn pé aṣọ òkú ni ó wọ̀ wá sí ìpàdé, nítorí pé mo mọ agbádá baba rẹ̀ dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, ní abúlé Gee’s Bend ní Alabama, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Missouri Pettway, kó aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tí ó kú jọ ní ọdún 1942, ó já wọn, ó sì rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora kan, kí ó lè máa fi í bora kí ó sì máa rántí rẹ̀. Aṣọ oko ni o, tí oòrùn àti òógùn ti bà jẹ́. Lónìí, àwọn aṣọ ìbora tí àwọn obìnrin abúlé náà rán ń wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá.

Àwọn ọ̀dọ́ ní fóònù ti wà, kí a ya fọ́tò kí ó tán. Ẹ ya fọ́tò, kò burú. Ẹ tilẹ̀ fi ohùn àwọn ìyá àgbà sí i nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé aṣọ wọn. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè jẹ́ kí ọmọdé fi ọwọ́ kan sányán, kí ó mọ bí òwú tí kòkòrò inú igbó ṣe ti rí lábẹ́ ìka. Fóònù mélòó ni a sì ti sọnù láti ọdún tí ó kọjá?

Mo fẹ́ kí ojú ìwé mẹ́rin wà fún àwọn tí ó gbà wá sílé. Àwọn obìnrin Tápà ní Bídà ní òfì tiwọn tí wọ́n ń hun aṣọ lórí rẹ̀. Ìtàn Ọ̀yọ́ sì sọ fún wa pé ọmọ Elémpe, ọba Tápà, ni ìyá Ṣàngó, nítorí náà a kò lè pè wọ́n ní àjèjì. Kí a bẹ àwọn aládùúgbò wa, Gbágyi àti Haúsá pẹ̀lú, kí wọ́n fúnra wọn mú aṣọ wá, kí wọ́n sì fúnra wọn sọ ohun tí a ó kọ sí i. Àwọn aya wa kan wà níhìn-ín tí wọ́n jẹ́ ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣáájú wa lọ.

Tí ìwé náà bá parí, kí ó má wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí ikán, kí oòrùn má sì máa pa á. Kí a fi aṣọ funfun tí a fọ̀ dáadáa wé e, kí a gbẹ ewé dóńgóyárò, èyí tí kò wọ́n wa ní Minna, kí a dì í sínú àpò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí kòkòrò, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọyẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ ìpàdé gbogbo gbòò, kí a gbé e jáde, kí ọmọdé kan láti agbolé kọ̀ọ̀kan dúró, kí ó sọ ohun tí ó wà lójú ìwé tiwọn ní èdè Yorùbá. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, kí ìyá rẹ̀ dúró tì í, kí ó máa sọ ọ́ sí i létí.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń ṣe ìpàdé. Aṣọ funfun àti òwú ìwé àkọ́kọ́, èmi ni n ó rà á. Ẹ mú abẹ́rẹ́ tiyín wá, àti sísọ́ọ̀sì tí ó mú, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń gé ẹ̀fọ́. Ẹ mú ègé aṣọ wá, kí ẹ sì ti bèèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó dàgbà jù nílé kí ẹ tó kúrò nílé. Bí àgbà náà bá lè rìn, ẹ mú òun náà dání. Àwọn ọkùnrin tí kò mọ aṣọ rán, ẹ bá wa gbé àga àti bẹ́ǹṣì wá, nítorí èyí tí ó wà níbẹ̀ kò tó.